Rélùwéè Ajah àti Ẹrù Ẹ̀yìn Ilé

Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, ẹ kú ilé o. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń yà kí mi. Ẹ ń wò mí lójú, ẹ ń sọ pé mo rù, mo dúdú, afẹ́fẹ́ òkun ti jẹ mí lára. Òótọ́ ni. Mo fẹ́ kọ ohun tí ojú mi rí sílẹ̀, nítorí tí mo bá ní kí n máa sọ ọ́ fún yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹkún ni yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe ibẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé Ajah ni wọ́n sin ọmọ mi Sílífátù sí. Ilé ọkọ ló wà nígbà tí ibà mú un tòun ti oyún, ilé ìwòsàn sì jìn sí wọn. Ẹ tún mọ̀ pé nílẹ̀ wa, wọn kì í jẹ́ kí ìyá fojú kan sàréè ọmọ rẹ̀. Nígbà tó kú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló lọ. Nígbà tó dé, kò sọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí fún mi, èmi náà kò sì bi í.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, dẹ́rẹ́bà kan gbé ọ̀rọ̀ ẹnu wá láti ọ̀dọ̀ Ráṣídì, ọkọ ọmọ mi. Ó ní ìjọba fẹ́ ṣe rélùwéè tí yóò máa kó èèyàn kiri inú Èkó. Ẹ̀ka rẹ̀ kan yóò gba ọ̀nà Lẹ́kí wá títí dé Ajah, sàréè Sílífátù sì wà lójú ibi tí irin yóò gbà. Wọ́n ní kí wọ́n hú u, kí wọ́n tún un sin síbòmíràn, ẹnìkan láti ìdílé ìyá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣaláìsí. Bàbá Sílífátù ti lọ ṣáájú rẹ̀. Ta ló kù? Mo ra aṣọ funfun, mo ká a sínú àpótí. Mo ní n óò lọ jókòó sínú iyàrá, àwọn ọkùnrin yóò ṣe é tán, àlùfáà yóò ṣàdúrà, n óò sì padà wálé láìrí i. Bí mo ṣe ro ó nìyẹn.

Èyí tó ti wà

Ọkọ̀ ojú irin tí mo wọ̀ dúró sínú igbó kí a tó dé Ìbàdàn. Wọ́n ní wọ́n ń tún irin iwájú ṣe. A wà níbẹ̀ títí àwọn ará abúlé fi rí wa, tí wọ́n gbé àgbàdo sísun àti omi wá bí ẹni pé ọjà ni a wá ná. Obìnrin kan tilẹ̀ gbé ìkòkò ẹ̀wà rẹ̀ wá, ó tẹ̀dó sábẹ́ fèrèsé wa. Ó ní òun ti mọ̀, pé ibi tí ọkọ̀ máa ń kú sí nìyẹn.

Ọkùnrin kan tó ń kó awọ ẹran lọ sí Èkó jókòó kọjú sí mi. Awọ náà ń rùn, ṣùgbọ́n ọmọlúwàbí ni. Ó bá mi bó àgbàdo nítorí eyín mi. Ó ní, "Màmá, níbo lẹ ń lọ?"

Mo ní, "Ajah. Wọ́n fẹ́ ṣe rélùwéè gba ilé àna mi kọjá."

Ó pariwo, "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wá gbọ́ o! Inú rélùwéè ni màmá yìí wà, wọ́n tún ń lọ pàdé rélùwéè! Èyí tó ti wà kò lè rìn, wọ́n ń wá òmíràn!"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá kan ní ẹni tó bá ń kánjú kí ó sọ̀ kalẹ̀ kí ó máa tì í. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò sọ ìdí tí mo fi ń lọ fún wọn.

Pálọ̀ tí kò lórùlé

Èkó kò kí èèyàn. Ẹ ó kúnlẹ̀ kí wọn, wọn yóò ti kọjá kí orúnkún yín tó kan ilẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé inú ń bí wọn ni.

Kò jìnnà sí ibi tí mo ti fẹ́ wọ lọ́rì Ajah, mo rí ojúlé kan tí wọ́n wó láti òpin dé òpin. Ògiri tó kù kò ju èjìká lọ. Ìṣó tí wọ́n fi ń gbé aṣọ kọ́ ṣì wà lára ọ̀kan. Láàrin rẹ̀ ni obìnrin kan wà tó ń dín àkàrà. Ó rí i pé ó ti rẹ̀ mí, ó sún àpótí sí mi.

"Ẹ jókòó, Màmá. Pálọ̀ mi nìyí. Ẹ má bọ́ bàtà, kò sí kápẹ́ẹ̀tì mọ́."

Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ilé náà.

"Rélùwéè ni. Wọ́n ní ó ń bọ̀ kíákíá, kí a jáde kíákíá. Wọ́n wó o kíákíá lóòótọ́. Wíwó yẹn, wọ́n mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà, irin tí mo rí kò ju agbada àkàrà mi yìí lọ."

"Níbo lẹ wá ń sùn?"

"Ilé àbúrò ọkọ mi. Ṣùgbọ́n tó bá di àárọ̀, ibí ni ẹsẹ̀ ń gbé mi bọ̀. Ẹni tó bá ń wá mi, ibí ló mọ̀."

Ó fi àkàrà kún tèmi. Àkàrà náà dùn, ata rẹ̀ pọ̀. Mo jẹ ẹ́, mo ń wo ìṣó ara ògiri yẹn, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mo ti ń rò ó pé wọn yóò hú ọmọ mi ní kíákíá, wọn yóò sì fi ihò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ará Òkè

Lẹ́yìn tí a kọjá Ìkàté, àgbọn ni mo ń rí lọ́tùn-ún lósì, àti yanrìn funfun tó ń dán lójú ẹni. Ilẹ̀ wọn kò ní agbára. Ẹ ó gbé ẹsẹ̀, ilẹ̀ yóò gbé e mì. Mo rìn láti ẹ̀bá ọ̀nà dé ilé àna mi, itan mi ń dùn mí bí ẹni gun òkè.

Ráṣídì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú yanrìn. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn, ó sì máa ń pẹja. Ọwọ́ rẹ̀ le bí pákó. Ìyá rẹ̀ gbá mi mọ́ra. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ máa ń yára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń ní kó tún un sọ, nítorí èdè etí omi ni. Àwọn ọmọ àdúgbò kò mọ orúkọ mi. Ìyá Ará Òkè ni wọ́n ń pè mí títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Wọ́n fún mi ní ẹ̀bà gààrí kíkan àti ọ̀bọ̀kún tútù. Orí ẹja náà ni wọ́n gbé síwájú mi, iyì àlejò ni. Ẹ̀yin ẹ mọ̀ wá, ẹja gbígbẹ la mọ̀ ọ́n jẹ. Mo ń wá ibi tí n óò ti bu orí náà jẹ, egungun gún mi lẹ́nu, Ìyá Ráṣídì sì gbà á, ó ń tú u fún mi bí ẹni ń bọ́ ọmọ. Omi wọn ní iyọ̀ díẹ̀. Tíì wọn náà ní iyọ̀.

Ní ìdájí àkọ́kọ́, mo jí, mo sì gbọ́ nǹkan tó ń hó lọ́ọ̀ọ́kán, tó ń wọ́ bọ̀ bí ọkọ̀ akẹ́rù tó máa ń gba Ọ̀fà kọjá. Mo dìde jókòó. Mo ní, "Ìyá Ráṣídì, ó mà ti ń bọ̀!"

"Kí ló ń bọ̀?"

"Ọkọ̀ ojú irin."

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Òkun nìyẹn, àna mi. Àtìgbà tí wọ́n ti bí mi ló ti ń bọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ibi tí àga mi wà ni kí n sọ. Iwájú ilé ni, kọjú sí ọ̀nà. Tí mo bá fẹ́ wẹ̀, wọ́n á mú mi gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Wọ́n ta okùn aṣọ dí ẹ̀gbẹ́ òsì, aṣọ kì í sì í tán lórí rẹ̀, ì báà ti gbẹ. Kò sẹ́ni tó pe sàréè ní sàréè létí mi. Ẹrù ni wọ́n ń pè é. "Wọ́n ní irin kò kan ẹrù wa mọ́." "Wọ́n tún ti ní ó kan ẹrù." Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ, wọ́n sì mọ̀ pé mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọlúwàbí ṣe ń ṣe é nìyẹn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nínú mi. N kò bojú wo ẹ̀yìn ilé rí.

Rélùwéè tó ń rìn bí akàn

Wọ́n ti sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ kan ni a óò lò. Àwọn awọnlẹ̀ ìjọba kò wá. Nígbà tí wọ́n wá, wọ́n ní ọ̀gá wọn kò tíì fọwọ́ sí i, kí a má tíì hú nǹkankan. Wọ́n fa èèkàn tí wọ́n kàn tẹ́lẹ̀ tu, wọ́n lọ kàn án sí iwájú ilé. Gbogbo wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn mìíràn dé láti ọ́fíìsì mìíràn, wọ́n ní ta ló sún èèkàn? Wọ́n dá a padà sẹ́yìn ilé.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ìjọba ti kìlọ̀ fún àwọn àna mi pé kí wọ́n má kọ́ ohunkóhun, kí wọ́n má gbin ohunkóhun. Òrùlé àgọ́ tí Ráṣídì ti ń kan ọkọ̀ ti jẹrà, kò gbọdọ̀ tún un bò. Òjò ń rọ̀ sórí pákó rẹ̀, pákó ń lọ́. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un gbé e lọ sí Awóyáyà. Aládùúgbò wọn kan, Sùúlè, tó ń hun àwọ̀n, ti gé gbogbo igi àgbọn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lulẹ̀ nítorí wọ́n ní kó gé e kíá, ó sì wá ń jókòó sórí ìtì wọn láti máa ṣẹ̀fẹ̀.

Sùúlè ní, "Ráṣídì, rélùwéè yín yìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀."

Ráṣídì ní, "Ẹsẹ̀ kẹ̀? Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀, ìbá ti dé. Akàn ni. Ẹ ò rí i pé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà?"

"Ìyá Ará Òkè, bó ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ tiyín náà nìyẹn?"

Mo ní, "Tiwa máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ ojú ọ̀nà rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tí Ráṣídì bá rò pé n kò wo òun, mo máa ń rí i tó ń wo okùn aṣọ yẹn. Ó tinú omi jáde lálẹ́, kò jẹun. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, "Màmá, tí wọ́n bá ní kí n hú u, n óò hú u. Tí wọ́n bá ní kí n má hú u, n óò dúpẹ́. Kí wọ́n sáà sọ ọ̀kan." Mo ní kó ṣe sùúrù.

Ohun tó wà lẹ́yìn ilé

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dé ojú rẹ̀, Ráṣídì wà lórí ọ̀sà. Èmi àti ìyá rẹ̀ nìkan la wà nílé, a ń họ ìpẹ́ ẹja. Mọ́tò ìjọba dúró, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn lébìrà tó gbé dígà àti ṣọ́bìrì dání. Kì í ṣe òun ni awọnlẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ sàréè fún. Wọ́n ti gbé ìyẹn lọ sí ẹ̀ka mìíràn, àfi bíi pé ohun tó mọ̀ bá a lọ.

Ó kí wa dáadáa. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá, kí ló wà lẹ́yìn ilé yín níbi èèkàn? Wọ́n ní kò sí nǹkankan níbẹ̀. A fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀, kí a ri òpó sìmẹ́ńtì mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má tún sún un mọ́."

Ìyá Ráṣídì wò mí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹrù wa wà níbẹ̀."

"Ẹrù wo?"

"Ẹrù ni ṣáá."

"Ẹ gbé e kúrò nígbà náà."

"Kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń gbé bẹ́ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó wúwo ni? Àwọn èèyàn mi yóò bá yín gbé e. Ẹrù wo ni ìjọba kò lè gbé?"

"Ẹ dákun, ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí bàbá ilé dé láti orí omi."

"Màmá, gbogbo ilé tí mo bá dé ni wọ́n ti ń ní kí bàbá dé. Ti Ìkàté kò tíì dé di òní! Ẹ̀yin lẹ ń dá wa dúró, ẹ̀yin náà lẹ ó tún máa sọ pé ìjọba ò ṣe nǹkan." Ó fi ọwọ́ júwe fún àwọn lébìrà. "Ẹ lọ bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá bá ẹrù wọn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Àwọn ọkùnrin náà gbé aṣọ kan sókè lórí okùn, wọ́n gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìyá Ráṣídì sáré tẹ̀lé wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ẹnu rẹ̀ là, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó tún bojú wẹ̀yìn wò mí. Nígbà náà ni ó yé mi pé obìnrin yìí kò níí sọ ọ́. Wọn ìbá gbẹ́ ilẹ̀ náà tán lójú rẹ̀, kò níí pe orúkọ yẹn níbi tí mo wà. Mo gbọ́ ìró dígà lẹ́ẹ̀kan.

Mo dìde. Ìpẹ́ ẹja wà lọ́wọ́ mi dé ìgbúnwọ́. Mo ní, "Ẹ dúró. Sàréè ni. Sàréè ọmọ mi ni."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bọ́ fìlà. Ó ní, "Ọmọ tí ẹ bí?"

"Tí mo bí."

Ó ké sí àwọn lébìrà pé kí wọ́n dá ọwọ́ dúró. Ó wá ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Ibo gan-an ni? Mo gbọ́dọ̀ fi hàn nínú àwòrán ilẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn á tún wá gbẹ́ ẹ."

Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n inú ìwé ló ń wò, kò rántí pé èmi kọ́ ló yẹ kí ó bi. Mo wo Ìyá Ráṣídì. Ó ti jókòó sílẹ̀, ó fi ìró bo ojú, ó ń sunkún. Kò sí ẹlòmíràn.

Mo gba abẹ́ okùn aṣọ kọjá.

Kò sẹ́ni tó ní láti fi hàn mí. Ẹsẹ̀ àwọn ará ilé ti la ọ̀nà tóóró lọ sí ibi ìdáná, ọ̀nà náà ń bọ̀ tààrà, ó dé ibì kan, ó yà, ó yí i po, ó sì tún tọ́ lọ. Ohun tó yí po náà ni. Ó kúrú ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n da yanrìn funfun lé e lórí, wọ́n to ìkarahun yí i ká. Èèkàn ìjọba wà ní ibi ẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tí dígà ti bà sì fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

Mo ní, "Ibí ni."

Ó ń yà á sórí ìwé rẹ̀. Ó wọn òòró, ó wọn ìbú. N kò mọ bí mo ṣe dúró pẹ́ tó. Nígbà tó ṣe tán, ó ní, "Màmá, n óò mú un lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n lè yí irin náà gba ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì lè ní kí ẹ hú u bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ dúró de èsì wọn."

Èsì

Kò padà wá. Ẹlòmíràn náà kò wá. Òjò dé, ó lọ.

Ní ọ̀sán kan, Sùúlè gbé rédíò rẹ̀ wá sí ojúde wa, kò ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn sójà ti gba ìjọba nígbà náà. Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò náà pé wọ́n ti fagi lé rélùwéè inú ìlú, owó tó fẹ́ ná wọn ti pọ̀ jù. Wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ráṣídì bi Sùúlè pé ṣé wọn kò sọ nǹkan nípa èèkàn. Sùúlè ní, "Èèkàn wo? Ṣé wọ́n sọ nǹkan nípa àgbọn mi ni?"

Ìyá Ráṣídì kúnlẹ̀ níwájú mi, àgbàlagbà bíi tèmi. "Ìyá Sílífátù, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde lẹ́nu mi ni. Tí mo bá mọ̀ pé wọn kò níí ṣe é mọ́, tí mo bá mọ̀ pé asán ni gbogbo rẹ̀…"

Mo gbé e dìde. Mo ní, "Ta ló mọ̀? Àwọn fúnra wọn kò mọ̀."

Aṣọ funfun yẹn, mo fi sílẹ̀ fún mọ́ṣáláṣí wọn, ẹni tó bá nílò rẹ̀ kí ó lò ó. Kò sí ìdí tí n óò tún fi dúró. Ọmọ mi wà níbi tó wà, wọn kò hú u. Ohun tí mo bá lọ ni mo rí gbà, tí ẹ bá gbà á bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí. Láti ìgbà tí Sílífátù ti kú, tí àjèjì bá bèèrè àwọn ọmọ mi, mo máa ń ka á mọ́ wọn. N óò ní ọ̀kan wà l'Ékòó, ilé ọkọ ló wà. N kò purọ́. Ibi tí mo sìn ín lọ nígbà ìyàwó náà ló ṣì wà lójú mi, pẹ̀lú gèlè rẹ̀, tó ń gbá ilẹ̀, tó ń dá ọkọ rẹ̀ lóhùn. Mo rò pé ohun tí àwọn àgbà rò nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ìyá má dé ibẹ̀.

Nígbà tí mo ń bọ̀, obìnrin kan tó pọn ọmọ jókòó tì mí nínú ọkọ̀ ojú irin. Ojú rẹ̀ fani mọ́ra. Ó fún mi ní ọsàn, ó ní, "Màmá, ẹ lọ kí ọmọ yín l'Ékòó ni?"

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn bí mo ṣe máa ń dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo ní, "Rárá. Ọmọ mi kú."

Ó dá ọwọ́ dúró lórí ọsàn tó ń bó. "Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ìgbà wo ni?"

Mo rò ó. Mo ní, "Láìpẹ́ yìí ni."